Ẹni tí ó Gbé Ilé Rẹ̀ Lọ sí Àjò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìgbín kò mọ ohun tí ń jẹ́ àjò, nítorí pé kò sí ìgbà kan tí ó fi ilé sílẹ̀. Ti ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ilé wà lọ́tọ̀, àjò wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó wà nílé kò sí lájò. Ẹni tí ó wà lájò kò sí nílé. Nígbà tí a bá sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, orí ìyàtọ̀ yìí ni òwe náà dúró lé. Bí a bá mú ìyàtọ̀ náà kúrò, òwe náà kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń rin irú ìrìn-àjò kan tí ó fẹ́ da ìyàtọ̀ yìí rú. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ni ibùsùn wọn wà. Inú rẹ̀ náà ni ibi ìdáná, ilé-ìwẹ̀ àti àga ìrọ̀gbọ̀kú wà. Ọkọ̀-ilé ni a lè pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, wọn a yà sí ọgbà ìpàgọ́ tí a pèsè fún un, wọn a fa wáyà iná, wọn a so rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, wọn a sì gbé díìṣì sátẹ́láìtì kọjú sí ojú ọ̀run. Kí oúnjẹ tó jinná, eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n máa ń wò nílé ti ń lọ níwájú wọn. Òkè ńlá lè wà lẹ́yìn fèrèsé, odò lè máa ṣàn lẹ́bàá wọn, ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè jókòó ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jẹyọ ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣe báyìí rin àjò bí? Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù: kí ni arìnrìn-àjò jẹ ilẹ̀ tí ó sùn sí ní gbèsè? Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ ìgbádùn àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀rọ̀ nípa ojú àti ẹsẹ̀ ni: ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wà, ibi tí ojú rẹ̀ wà, àti ohun tí ó tọ́ kí ó ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì bá ya ara wọn.

Bí Ilé Ṣe Di Ohun tí Ń Rìn

Ìfẹ́ láti gbé ìrọ̀rùn ilé wọ inú igbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàrin 1915 sí 1924, Henry Ford tí ó ń ṣe mọ́tò, Thomas Edison tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa iná mànàmáná, àti Harvey Firestone tí ó ń ṣe táyà, máa ń kó ara wọn jọ lọ pàgọ́. John Burroughs, òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ràn ẹyẹ àti igbó, ń bá wọn lọ títí ó fi kú ní 1921. Wọ́n pe ara wọn ní alárìnkiri. Síbẹ̀, alásè ń bá wọn lọ, bátìrì Edison sì ń tan iná sí àgọ́ wọn lóru. Ní 1921, Warren Harding tí í ṣe ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà lọ bá wọn ní àgọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé púpọ̀ nínú ìlú dání.

Ní 1956, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú kí ọ̀nà ńláńlá la ilẹ̀ náà já láti òkun dé òkun. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1966, iléeṣẹ́ Winnebago ní ìlú Forest City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀-ilé ní ọ̀pọ̀ yanturu, débi pé orúkọ iléeṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ ọkọ̀ náà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Lónìí, òmíràn kò tóbi ju bọ́ọ̀sì kékeré lọ. Òmíràn sì gùn ju mítà mẹ́wàá lọ.

Kì í ṣe irú ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń lo ọkọ̀ yìí. Àwọn kan ń fi í ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọdún, wọn a sì padà sí ilé tí ó dúró sójú kan. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ti ta ilé wọn, wọ́n ti kó ohun tí ó kù wọ inú ọkọ̀, wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tí yóò dá ẹjọ́ yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Àwòrán tí Ń ti Ojú Ọ̀run Wá

Ní oṣù kẹwàá 1945, Arthur C. Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Wireless World. Ó ní bí a bá gbé ẹ̀rọ kan lọ sókè réré lórí ìlà agbedeméjì ayé, tí ó fi jẹ́ pé àkókò tí ayé fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan ni òun náà fi ń yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan, lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀ yóò dàbí ẹni pé ẹ̀rọ náà dúró gbọn-in sójú kan. Ó ní mẹ́ta irú rẹ̀ tó láti gbé ọ̀rọ̀ ká ayé. Ọdún mọ́kàndínlógún péré ni ó kọjá kí èyí tó ṣẹ. Ní 1964, sátẹ́láìtì Syncom 3 gbé àwòrán ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo kọjá òkun Pàsífíìkì. Gíga ibi tí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà sí ilẹ̀ jẹ́ 35,786 kìlómítà. Síbẹ̀, kí àwòrán ti ilẹ̀ lọ sókè kí ó sì padà sílẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn díìṣì tí àwọn ènìyàn ń rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé wọn ní nǹkan bí 1980 tóbi. Fífẹ̀ òmíràn tó mítà mẹ́ta, kò sì ṣeé gbé rìn. Nígbà tí ó di 1994, iléeṣẹ́ DirecTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú díìṣì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Láti ìgbà náà ni díìṣì ti di ọ̀kan nínú ẹrù arìnrìn-àjò. Àwọn kan ń gbé tiwọn lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀, wọn a máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́. Àwọn mìíràn ní èyí tí a dè mọ́ orí ọkọ̀, tí ń wá sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀. Láti 2022 ẹ̀wẹ̀, Starlink ti ń ta iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọlọ́kọ̀-ilé, nípasẹ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí gíga wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà 550 lọ. Ẹ̀rọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yí padà.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ díìṣì tí ó yẹ kí onírònú fi ọkàn sí. Nítorí pé orí ìlà agbedeméjì ayé ni sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà, ìhà gúúsù ni ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà ń kọ ojú díìṣì rẹ̀ sí. Bí igi ńlá bá dí ìhà yẹn, àwòrán kò ní wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé ọgbà ìpàgọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ní láti yan ọ̀kan nínú méjì: abẹ́ igi tí ìbòòji rẹ̀ tutù, tàbí gbalasa tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀. Bí ó bá yan gbalasa nítorí díìṣì, ó ti ṣe ìpinnu kan, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Igi tí ó rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà wá wò ti di ìdènà lójú rẹ̀.

Ẹjọ́ Àwọn tí ó Lòdì sí Àṣà Yìí

Àwọn tí ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí kò ṣàìní ẹ̀rí. Ní àkọ́kọ́, wọ́n gbà pé àyípadà tí ó bá arìnrìn-àjò ni ó ń sọ ìrìn di àjò. Bí a kò bá rìn jìnnà, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n rírìn jìnnà nìkan kò tó, ojú gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti rí ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Àpò ìrẹsì a máa rìn láti èbúté dé òkè ọya, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àpò ìrẹsì rin àjò. Ẹni tí ó jí nínú yàrá kan náà, tí ó jẹ oúnjẹ kan náà, tí ó gbọ́ ohùn asọ̀ròyìn kan náà láti Ohio dé Montana, ni wọ́n fi wé ẹrù tí a gbé láti ibì kan dé ibòmíràn.

Lọ́nà kejì, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ń sọ ibi gbogbo di bákan náà. John Steinbeck, òǹkọ̀wé tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962, ti fi èyí ṣe àròyé. Ní 1960, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù kan tí a kọ́ yàrá kékeré sí lẹ́yìn, tí ó sọ ní Rocinante, yí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká, òun àti Charley ajá rẹ̀. Nínú Travels with Charley, ìwé tí ó kọ nípa ìrìn náà, tí ó jáde ní 1962, ó kédàárò pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ agbègbè kọ̀ọ̀kan ń parẹ́ nítorí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Olùkọ́ èdè ni yóò tètè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn ọmọdé mọ̀ pé bí ohùn kan bá lọ, ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ a bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni ó kù nínú ohùn ibi kan, tí àlejò kò sì sọ kalẹ̀ kí ó gbọ́ díẹ̀ náà, kí ni ó wá ṣe níbẹ̀?

Lọ́nà kẹta, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìwà àlejò wá. Yorùbá ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò bú àlejò. Ó ń kìlọ̀ fún un pé kí ó máa béèrè ni. Nígbà tí òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, kò lè gbé ilé rẹ̀ dání. Ó ní láti wá onílé tí yóò gbà á sílé, kí ó kí i, kí ó sọ ibi tí ó ti wá, kí ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Àìní ni ó sọ ọ́ di àlejò. Jíjẹ́ àlejò ni ó sì jẹ́ kí ó mọ ìlú. Ẹni tí ibùsùn, omi, oúnjẹ àti ìròyìn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kò ní ohun kan tí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè ti àárín ènìyàn mìíràn kọjá láìjẹ́ àlejò ẹnì kan.

Èsì Àwọn tí ó Gbè É

A kì í sùn kí á kọrí síbì kan náà. Àwọn tí ó gbè é ní èsì, èsì wọn kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bí tọkọtaya kan bá ti ta ilé wọn lẹ́yìn ogójì ọdún iṣẹ́, tí inú ọkọ̀ sì ti di ibùgbé wọn láti ọdún dé ọdún, wọn kò sí lórí ìsinmi; ayé wọn ni wọ́n ń gbé. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, ilé wọn náà sì nìyẹn. Ta ni yóò sọ fún arúgbó pé kí ó má wo ìròyìn nínú ilé ara rẹ̀? Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ara aya kò yá, tí ọmọ sì wà ní ọ̀nà jíjìn, ohùn tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ lè jẹ́ ìtùnú kan ṣoṣo tí ó kù lálẹ́ ọjọ́ náà. Aláìláàánú ni yóò pe ìyẹn ní ìwà òmùgọ̀.

Wọ́n tún ní kò sí arìnrìn-àjò kan tí kò gbé ilé dání. Ẹlòmíràn di gàrí, ẹlòmíràn di ìwé àdúrà, ẹlòmíràn di orin ìlú rẹ̀ sínú ọkàn. Bí a kò bá dá onígàrí lẹ́bi, èéṣe tí a ó fi dá oníléèjì tẹlifíṣọ̀n tí ń wo bọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀ lẹ́bi? Ohun tí ènìyàn gbé dání lè jẹ́ èyí tí ó fún un ní agbára láti lọ síwájú.

Èsì wọn kẹta ni ó lágbára jù. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni ó jókòó síta láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọn kò ní tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń wo òkè àti odò, tí wọn kò sì kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wíwo òkè kò sọ ẹnikẹ́ni di ènìyàn rere. Nítorí náà, bí ẹ̀bi kan bá wà, kì í ṣe ara ẹ̀rọ ni ó wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èsì yìí gbọ́dọ̀ gbà pé ẹjọ́ àwọn àkọ́kọ́ ti mì díẹ̀. Wọ́n rí àìsàn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọwọ́ kan ibi tí kò dùn.

Ilé Ni Tàbí Ọkọ̀?

Kì í ṣe àwọn onírònú nìkan ni ìbéèrè yìí dé bá. Ó dé ilé-ẹjọ́, ó sì dé ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ní 1985, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní láti dá ẹjọ́ lórí ọkọ̀-ilé kan tí ó dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ní ìlú San Diego. Òfin ilẹ̀ náà bọ̀wọ̀ fún ilé: agbófinró kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láti tú u láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, àyàfi nínú ọ̀ràn pàjáwìrì. Ọ̀wọ̀ tí ó ní fún mọ́tò kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé mọ́tò lè sá lọ. Èwo ni ọkọ̀-ilé nínú méjèèjì? Àwọn adájọ́ mẹ́fà ní ọkọ̀ ni. Àwọn mẹ́ta kò gbà. Àwọn tí ó borí sọ pé ó ní táyà, ó wà létí ọ̀nà, ó sì lè gbéra nígbàkúgbà. Síbẹ̀ wọ́n fi àyè sílẹ̀: wọn kò dá ẹjọ́ lórí èyí tí a gbé lé orí búlọ́ọ̀kù, tàbí tí a ti so mọ́ omi àti iná.

Ọ̀rọ̀ díìṣì náà mú irú ìbéèrè kan náà wá. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n agbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọn òǹwòran agbègbè rẹ̀. Sátẹ́láìtì sì lè da ìkànnì ìlú kan sórí agbègbè ìlú náà nìkan, bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì sójú kan. Bí ọlọ́kọ̀-ilé bá ti wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìròyìn ìlú rẹ̀ á pòórá. Nítorí èyí ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1999 ṣe yọ̀ǹda fún àwọn ọlọ́kọ̀-ilé àti àwọn awakọ̀ akẹ́rù láti máa gba ìkànnì tí ó ti ibi jíjìn wá, irú bí àwọn ti New York tàbí Los Angeles. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ara ọkọ̀ ni a de díìṣì náà mọ́, àti pé òun kò ní lò ó ní ilé tí kì í rìn. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2019, wọ́n gba àǹfààní yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ rìn. Ẹni tí ó fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí ó wà nílé ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun kò sí nílé.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé kò sí èyí tí ó wo ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ náà nínú ìdáhùn méjèèjì. Ibùsùn kò sọ ọ́ di ilé, ibi ìdáná kò sọ ọ́ di ilé, tẹlifíṣọ̀n kò sì sọ ọ́ di ilé. Ohun tí a so ó mọ́ ni wọ́n wò. Àwọn amòfin kò wá ọgbọ́n ìwà kiri, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Ohun tí ń sọ ènìyàn di ará ibì kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún òru kan, ni ohun tí ó so ó mọ́ ibẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ọlọ́kọ̀-ilé kì í ṣe pé, kí ni ó ń wò? Ìbéèrè náà ni pé, kí ni ó so ó mọ́ ibi tí ó wà?

Nígbà tí Ìjì Bá Dé

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma àti Kansas, nígbà tí òtútù bá ti lọ tí ooru ń wọlé, ìjì tí ń yí bí òkòtó a máa sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìkùukùu. Ó lè wó ilé, ó lè gbé mọ́tò sọ nù. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ a máa kéde rẹ̀ ṣáájú, wọn a sì dárúkọ àwọn káúntì tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Káúntì ni ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tí ó dàbí ìjọba ìbílẹ̀. Láti 2007, wọ́n ti ń ya àwòrán ibi tí ewu wà gan-an sórí máàpù, wọn kò fi mọ sí ààlà káúntì mọ́. Síbẹ̀ orúkọ káúntì àti ìlú ni asọ̀ròyìn fi ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn.

Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀-ilé ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó ń wo ìkànnì New York, yóò mọ̀ bí ọ̀nà ti kún fún ọkọ̀ ní Manhattan. Kò ní gbọ́ pé ìjì ń bọ̀ níbi tí ó wà, nítorí pé ìkànnì agbègbè ni ó ń sọ ìyẹn. Bí ó bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ káúntì náà lórí rédíò, ó lè má mọ̀ pé inú rẹ̀ ni òun wà, nítorí pé kò béèrè orúkọ ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ohun mìíràn tún wà: òjò ńlá a máa dí ọ̀nà mọ́ àwòrán sátẹ́láìtì. Ní wákàtí tí ìjì bá ń sún mọ́ tòsí gan-an ni àwòrán ibi jíjìn yóò já, tí gíláàsì yóò sì dúdú. Ibi tí ẹsẹ̀ wà ti pe ojú padà, ṣùgbọ́n kò bá ojú nílé.

Láti 2012, fóònù alágbèéká ní Amẹ́ríkà ti ń dún láti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá wà ní agbègbè ewu. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sọ ọ́ pé ọkọ̀-ilé kì í ṣe ibi ààbò. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní láti jáde lọ sínú ilé tí ó lágbára. Ilé wo? Ọ̀nà wo ni ó lọ síbẹ̀? Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ti sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni láti ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa wá ẹni tí yóò bi ní òru, nínú òjò.

Ó tún ní apá kejì. Bí ó bá jẹ́ pé arúgbó tí ó wà nínú ọkọ̀ kejì ni kò gbọ́ ìkìlọ̀, ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ pé arúgbó kan wà níbẹ̀ kò lè lọ. Níhìn-ín ni ìgbádùn ara ẹni ti di ọ̀ràn ìwà. Àìwo ẹni tí ó wà nítòsí kò pa ẹnikẹ́ni lára ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́. Alẹ́ kan péré ni ó tó láti fi hàn pé gbèsè ni.

Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀kùn

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kí gbogbo ọlọ́kọ̀-ilé ju díìṣì wọn nù? Rárá. Ọ̀nà kan wà tí ilé tí ń rìn fi lè so ènìyàn pọ̀ mọ́ ibi tí ó dé ju bí òtẹ́ẹ̀lì ti lè ṣe lọ. Steinbeck tún wúlò níhìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́, nígbà tí ó dé ìpínlẹ̀ Maine, ó bá àwọn kan tí ó ti Kánádà wá wa ọ̀dùnkún. Ó pè wọ́n wá sínú Rocinante, ó bu ọtí fún wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sì tàkúrọ̀sọ. Àwọn náà kì í ṣe ará Maine, òun náà kì í ṣe ará ibẹ̀. Síbẹ̀, fún alẹ́ ọjọ́ kan, ilé wà níbẹ̀, nítorí pé onílé wà, àlejò sì wà.

Èyí ni àwọn tí ó ń bú ọkọ̀-ilé kò rí. Òṣómàáló kò lè ṣe ju kí ó jẹ́ àlejò lọ. Ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ dání lè jẹ́ àlejò, ó sì lè gba àlejò. Ilé kì í ṣe ibi ìsápamọ́ sí nìkan. Ibi tí a ti ń gba ènìyàn ni. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bá ṣí, tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀ pàápàá lè di ohun tí a jọ ń wò, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, tí àwọn aládùúgbò máa ń péjọ sí pálọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kan náà tí ó lè ti ènìyàn mọ́lé lè pe ènìyàn wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá tì, àìsí tẹlifíṣọ̀n kò ní ṣí i.

Ìgúnlẹ̀

Ó hàn nígbà náà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wo tẹlifíṣọ̀n nínú ọkọ̀-ilé lè ti rin àjò, ó sì lè má rin ín. Kì í ṣe díìṣì ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

Ìbéèrè kejì ni ó ní ìdáhùn. Ojú ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lọ síbi tí ó bá wù ú. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń rántí ilé lórí àjò ni ojú ọkàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ wà ni gbèsè wà. Gbèsè náà kò pọ̀: kí a mọ orúkọ ilẹ̀ tí a dúró lé, kí a kí ẹni tí ó sún mọ́ wa, kí a sì mọ ibi tí a ó sá sí àti ẹni tí a ó pè bí ewu bá dé. Ẹni tí ó bá ti san án kí ó tó gbé díìṣì rẹ̀ sókè lè jókòó wo ohun tí ó wù ú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí kò bá san án, bí ó tilẹ̀ jókòó síta tí ó ń ka ìràwọ̀, ajigbèsè ni.

Ìgbín ń gbé ilé rẹ̀ rìn, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni. A kò dá ìgbín lẹ́bi, nítorí pé ìkarahun rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn lè gbà wọlé. Ọkọ̀-ilé ní ilẹ̀kùn.